Poro Rẹ Ni Gòólù Ń Gbà Kọjá

Láti ọ́fíìsì Ààrẹ Àgbà, Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìrẹ́pọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò, ní Bobè ti Bantè.

Razack, ọmọ mi tó wà ní Kùtọnù,

Èmi Hamidou, Ààrẹ Àgbà, Olùdásílẹ̀, Onílẹ̀ Pápá, Olùtọ́jú Bọ́ọ̀lù àti Ẹni Tí Fèrè Adájọ́ Wà Lápò Rẹ̀, ni mo ń kọ ìwé yìí sí ọ. Dìde dúró kí o tó máa kà á, nítorí ìwé Ààrẹ ni. Tí o bá ti dìde, padà jókòó, nítorí ó gùn.

Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ara le, ṣé orí kò fọ́ ọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń tún mọ́tò ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ? Ṣé òkun Kùtọnù yẹn ṣì dúró síbi tí Ọlọ́run gbé e sí, kò tíì máa wá kan ilẹ̀kùn rẹ? Ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbá ọ, táyà rẹ̀ á ti jò láti ilé ẹni tó ni ín. Oúnjẹ tó bá fẹ́ ṣe ọ́ ní jàǹbá, ológbò á ti jẹ ẹ́ tán kí o tó dé. Àmín. Fi ọwọ́ ara rẹ pa orí rẹ fún mi, nítorí ọwọ́ tèmi kò gùn dé ọ̀hún.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́. Mo mọ̀ pé tí o bá pe ilé, "A wà dáadáa" nìkan ni mo máa ń sọ, màá sì gbé fóònù fún ìyá rẹ. Ìdí rẹ̀ nìyí: òpó tó ń gba ọ̀rọ̀ fóònù wa, apá ọ̀nà Savalou ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀ sí, ohunkóhun tí mo bá sì sọ, ọ̀dọ̀ wọn ló máa kọ́kọ́ dé kó tó máa bọ̀ ní Kùtọnù. Ṣé kí n wá dúró máa sọ àṣírí ẹgbẹ́ wa sétí àwọn tí a fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù? Lẹ́ẹ̀kan, mo gbìyànjú láti sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ìwọ ní o kò gbọ́ nǹkan kan, mo ní Savalou náà kò gbọ́ nìyẹn, a dúpẹ́.

Nílé, gbogbo wa wà. Ìyá rẹ Halimatou ní kí n kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, ó ti bọ́ sí òsì, mo ní kó ṣọpẹ́, ó kéré tán ó ń rìn. Òjò ti ń dáwọ́ dúró, iṣu ta, àkókò ìkọ ebè sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ dúdú tó jẹ ìwé ìbí rẹ lọ́jọ́sí ti bí ìbejì, gbogbo wa sì ń retí pé àwọn ọmọ náà á mọ̀wé. Àbúrò rẹ Fawziyyah wà dáadáa, ó ń gbọ́n sí i lójoojúmọ́, ó lẹ́wà, ìwà rẹ̀ kò ní àbùkù kankan, bó sì tilẹ̀ jẹ́ pé ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́ bí èèpo ẹyin, ọmọ náà kò ráhùn rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó mú mi mú bíkì kọ̀wé ni ti ẹgbẹ́ wa. Razack, ẹ̀yìn wa ti ya. Láti ìgbà tí ìdíje àwọn abúlé ti bẹ̀rẹ̀, Gouka gbá mẹ́rin wọlé wa, àwọn ọmọ Akpassi gbá mẹ́ta, ẹni tó gbá méjì nínú rẹ̀ sì wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Pira gbá márùn-ún. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó ń bọ̀, Savalou ń bọ̀ wá bá wa nílé. Inú bí mi, mo sì ti fi ẹnu mi sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú pé tí wọ́n bá fi lè gbá mẹ́ta wọlé wa lórí ilẹ̀ mi, ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ọkọ́ mi la jọ máa wọ pápá, ebè ni màá kọ síbẹ̀ láti ojú ilé gòólù kan dé èkejì. Ilẹ̀ bàbá mi ni. Ó ti sinmi ọdún méjìlá, gbogbo ìgbẹ́ màlúù tó ń gba ibẹ̀ kọjá ti wọ inú rẹ̀, iṣu tó máa hù níbẹ̀, ọkùnrin méjì ni yóò máa gbé ọ̀kan. Àwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀, mo ní itọ́ Ààrẹ kì í padà sẹ́nu Ààrẹ. Ṣùgbọ́n láàárín èmi àti ìwọ, láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́, iṣu kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó lábẹ́ máńgòrò láti wá ẹni tó jẹ̀bi. Wahab, ọmọ Nàìjíríà tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò létí títì, ní Abdoul aṣọ́lé ni, ó ní ọmọ náà ń gba bọ́ọ̀lù bí ẹni tó fẹ́ gba iṣu gbígbóná, ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kó kan òun. Mùsíyọ̀ Ghislain, tíṣà ilé ẹ̀kọ́, ní irọ́ ni, aṣọ́lé kò lẹ́bi, àwọn ará ẹ̀yìn ni. Ó kó òkúta mẹ́rin, ó tò wọ́n sórí yanrìn láti fi ẹ̀yìn ẹgbẹ́ hàn wá, kó tó sọ̀rọ̀ tán, adìẹ kan ti wá, ó fẹsẹ̀ tú òkúta ọ̀tún dànù, ó sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Mùsíyọ̀ ní, ẹ rí i, bí Akpassi ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wahab ní tó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, Mùsíyọ̀ ì bá ti gba ife àgbáyé wá sí Bobè. Mùsíyọ̀ ní tó bá jẹ́ pé ẹnu ni ẹsẹ̀, Wahab ì bá ti sáré dé Ìbàdàn, ká lè sinmi. Ìyá rẹ ń kọjá lọ síbi omi, ó ní ebi ló ń pa àwọn ọmọ. Gbogbo wọn sọ tiwọn, kò sẹ́ni tó wo apá òsì.

Èmi náà kò jókòó lásán o. Mo ti ń kọ́ nípa ẹ̀yìn. Wahab ní fóònù fífẹ̀ kan tó fi ń fi bọ́ọ̀lù àwọn òyìnbó hàn wá. Lọ́jọ́ kan, àwọn aláṣọ pupa gbá gòólù kan wọlé. Kí n tó mí, wọ́n tún gbá òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n máa gbá ẹ̀kẹta, wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wà nínú odò. Mo ní ẹ wò wọ́n, ó ti rẹ̀ wọ́n, ẹ fún àwọn ọmọ lómi mu. Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé mẹ́ta sí òdo. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní ọ̀kan péré ni. Adájọ́ tiwọn lè kó gòólù méjì padà nígbà tí ènìyàn bá ti sùn. Tiwa ní Bantè kò lè ṣe irú rẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́.

Mo tún gbọ́ lórí rédíò pé àwọn òyìnbó máa ń ra ará ẹ̀yìn kan ṣoṣo ní owó tó lè ra gbogbo Savalou pẹ̀lú ọjà rẹ̀. Mo ní àwa náà á rà. Mo gun alùpùpù zémijàn lọ sí ilé ìfowópamọ́ kan ní Savalou, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, mo jókòó títí ó fi kàn mí, mo sì sọ fún ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ pé kó fún mi ní ìwé tí a máa ń kún láti fi ra ènìyàn. Ọmọ náà dìde, ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ pe ọlọ́dẹ. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, n kò fẹ́ ra ẹni náà tán, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo fẹ́ ẹ fún. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ní tí mo lè fi ṣe ìdúró fún owó tí mo fẹ́ yá. Mo ní ìdúró ẹni náà lágbára, mo ti rí ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n sì bá mi wá zémijàn tó gbé mi padà. Ènìyàn rere ni wọ́n. Nọ́ńbà tí wọ́n fún mi wà lọ́wọ́ mi, mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sára aṣọ ẹni tuntun náà, kí ilé ìfowópamọ́ má baà sọ pé mo sọ nọ́ńbà wọn nù.

Ẹni tuntun náà ni Vivien. Djaloukou ni wọ́n ti bí i, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà, Damien bàbá rẹ̀ sì ni èmi àtòun jọ ń ṣe àáró nígbà èwe wa. Ọ̀nà tí mo mọ̀ ni mo gbà rà á. Damien ní kí àwọn ọmọ wa wá kọ ebè fún òun fún ọjọ́ méjì, òun á yọ̀ǹda Vivien fún wa títí ìdíje á fi parí. Mo kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ. Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni wọ́n fi kọ ebè. Ní ọjọ́ Àìkú tí a bá Pira gbá, kò sí èyí tó lè na ẹ̀yìn rẹ̀ ró, wọ́n tẹ̀ káàkiri pápá bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Vivien nìkan, tí kò kọ ebè, ló dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n mo lọ wo oko Damien lọ́jọ́ kejì, Razack, ebè náà gún bí ọfà.

Kí ẹni tuntun tó lè gbá bọ́ọ̀lù níbi ìdíje yìí, gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ tún ìwé kún, wọ́n sì ní kí agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò mẹ́rin wá. Mo ní ìnáwó wo nìyẹn. Mo kó gbogbo wọn lọ sí Bantè, wọ́n jọ ya ẹyọ kan, mo gbé e fún ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì, mo ní kó gé e fúnra rẹ̀, òun ló ní àlùmọ́gàjí. Ó wo fọ́tò náà títí. Ó fi ìka sí ibì kan lápá òsì, láàárín Abdoul àti Vivien, ibi tó ṣófo, tí ènìyàn kan lè dúró sí, ó bi mí pé ta ló kù níbẹ̀. Mo ní ẹni náà ń bọ̀, ó wà lọ́nà.

Razack, mo ti ń yí ọ̀rọ̀ po. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

O mọ àáró, ìwọ náà ti ṣe é kí ohùn rẹ tó kẹ̀. Tí a bá wọ oko ẹnìkan, oníkálukú ní poro tirẹ̀, ìlà ebè tí yóò máa kọ títí yóò fi kan ìpẹ̀kun oko. Ẹni tó bá wọ inú poro ẹlòmíràn, ó ti sọ láìlanu pé ọ̀lẹ ni onítọ̀hún. Tí ẹnìkan kò bá sì wá, bóyá ó ń ṣàìsàn, bóyá ó rìnrìn àjò, a kì í fọwọ́ kan poro rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ dè é, àfi tó bá fi ọkọ́ rẹ̀ rán ẹlòmíràn wá dúró fún un. Bí àwọn bàbá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ́ àwọn ará ẹ̀yìn ẹgbẹ́ wa. Poro mẹ́rin ló wà lẹ́yìn. Èyí tó wà lápá òsì, tìrẹ ni. Láti ọdún mẹ́ta tí o ti lọ, n kò fi ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Ènìyàn mẹ́wàá la fi ń gbá. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn alátakò rò pé ọgbọ́n kan la ń ta, wọ́n ń yẹra fún ibẹ̀ bí ẹni tó ń yẹra fún ihò ejò. Ọdún yìí ni wọ́n mọ̀ pé kò sí ejò nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Pira, ọmọ kan ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti òsì. Vivien rí i, ó gbéra, ó sáré. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì péré kó gbà á. Èmi ni mo dìde lórí àpótí mi tí mo pariwo pé: "Vivien, dúró níbẹ̀! Poro ẹni ẹlẹ́ni ni!"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó dúró. Ọmọ Pira náà dúró, ó rò pé adájọ́ ti fun fèrè. Nígbà tó rí i pé kò sí fèrè, ó rìn kọjá jẹ́jẹ́, ó kí Vivien, ó sì gbá a wọlé. Wahab, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, rọra bi mí pé, "Baba, ta wá ni ẹlẹ́ni náà?" Mùsíyọ̀ Ghislain ló dáhùn pé Razack ni. Gbogbo wọn sì yíjú sí ojú títì, bí ẹni pé o máa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ wọlé, tí mo dìde láàárín èrò tí mo ní ọmọ tí kò lè sé abẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò lè ṣọ́ ilé bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù. Ilẹ̀ mọ́, o wọ ọkọ̀ iṣu lọ. Mo rò pé ọjọ́ mẹ́ta ni. Gòólù kan péré ni, Razack. Láti ìgbà náà, mo ti rí mọ́kànlélógójì tó wọlé, n kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé kí o rántí ilé. Fi ohun díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra nẹ́ẹ̀tì fún ojú ilé. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n pín fún wa ni a ta síbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ti lù ú káàkiri, ṣùgbọ́n a kò lè bú u, nítorí Abdoul kò tíì ní ibà láti ìgbà tó ti ń dúró níwájú rẹ̀. Má fi owó náà sínú fóònù mi o. Èyí tí o fi síbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo fi aṣọ dì í, mo gbé e sábẹ́ àpótí fún ọjọ́ mẹ́ta kí olè má baà gbọ́ ìró rẹ̀, ìgbà tí mo máa ṣí i, fóònù ti kú, mo sì ń ṣọ̀fọ̀ owó rẹ kí Fawziyyah tó fi iná sí i tí owó náà tún jí. Ọmọ yẹn ti ṣe gudugudu méje nínú ilé yìí. Tí o bá rí fóònù kan tí ojú rẹ̀ kò fọ́, rántí rẹ̀. Kò béèrè o. Èmi ni mo ń wò ó.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀, kó máa dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ẹni tó bá dúró níwájú rẹ, kó yà. Ẹni tó bá dúró lẹ́yìn rẹ, kó jẹ́ ẹni tìrẹ. O kò ní jìnnà sí ilé tó bẹ́ẹ̀ tí ajá ilé á fi gbó ọ. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, Ààrẹ Àgbà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣì dúró díẹ̀, ẹ má tíì ká ìwé náà. Èmi Fawziyyah ni mo kọ gbogbo rẹ̀, láti orí Ààrẹ Àgbà dé ìdí Àmín. Bóyá ẹ ti fura láti ibi tí ìwà mi kò ti ní àbùkù. Ẹ mọ̀ pé mi ò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ti sísín ohùn ènìyàn jẹ, kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò nínú kíláàsì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dúró sẹ́yìn ògiri, mo fi ohùn Baba ní kí Abdoul sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó sáré é, ó tún wá kí Baba pé ẹ ṣeun sà. Baba ní kò tọ́pẹ́.

Ti ilé ìfowópamọ́, òótọ́ ni, èmi àtòun la jọ lọ, èmi ni mo ń tijú. Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta, òótọ́ ni. Fọ́tò náà wà, ibi tó ṣófo náà wà níbẹ̀. Igbe tó ké mọ́ Vivien, gbogbo ìlú gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí Baba ti ní ọ̀rọ̀ òun pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, Baba kò sọ ọ́. Èmi ni mo fi í sí i lẹ́nu. Ohun tí Baba ní kí n kọ kò ju mẹ́ta lọ: pé ara wa le, pé iṣu ta, àti ìkẹta, "Má dárúkọ bọ́ọ̀lù fún un o, kó má lọ rò pé mò ń pè é." Nígbà tó ń sọ ìkẹta yìí, aṣọ pápá yín, onínọ́ńbà mẹ́rin yẹn, ló ń sá sórí okùn. Gbogbo Alámísì ló ń fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ láti ọdún mẹ́ta, ibo ló ti dọ̀tí?

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́. Tí ènìyàn bá ti ń sín ohùn ẹnìkan jẹ títí, ó máa ń dé ibì kan nínú ohùn náà tí ẹni tó ni ín kì í dé.

Ẹ wá, ẹ̀gbọ́n mi. Awakọ̀ tó gbé ìwé yìí wá yóò máa padà bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Savalou. Tí iṣẹ́ kò bá gbà fún yín, ẹ fi bàtà bọ́ọ̀lù yín rán an, kí Baba rí i pé ẹ ti fi ọkọ́ yín rán ẹlòmíràn. Ẹnu rẹ̀ kò ní lè kọ ìyẹn, àṣà tòun fúnra rẹ̀ ni. Màá fi í lé Vivien lọ́wọ́. Mo ti fi okùn wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà yín á há a mọ́lẹ̀, ó ní òun á fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fara dà á. Baba ti pọ́n ọkọ́ tó fẹ́ fi wọ pápá. Mo ti gbé e pamọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti rí i lẹ́ẹ̀mejì.

Tí ẹ bá dé, ẹ má sọ pé ẹ rí ìwé kankan. Ẹ ní ẹ kàn ń kọjá lọ ni. Kò sẹ́ni tó ń ti Kùtọnù bọ̀ tó kàn máa gba Bobè kọjá, Baba mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n á gbà á gbọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, táyà ọkọ̀ yín kò ní jò. Ohùn Baba ni mo fi ṣe àdúrà yẹn, àmọ́ àdúrà náà, tèmi ni.

Àbúrò yín,
Fawziyyah.

Ti fóònù yẹn, mi ò fi ṣeré o.